Yẹ́lò káàdì tí kò kú tí wọ́n ní ó ti kú: ìrírí èmi àti ìyàwó mi nígbà tí a lọ kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Uganda

Tíkẹ́ẹ̀tì tí èmi àti ìyàwó mi fi lọ sí Uganda, a ti san owó rẹ̀ pé kí a tó kúrò ní Àkúrẹ́. Síbẹ̀ a tún san nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lé e lórí ní Ikẹja, nítorí pé ẹnì kan tó jókòó sídìí káúńtà sọ pé yẹ́lò káàdì ìyàwó mi, ìyẹn káàdì tó fi hàn pé ó ti gba àbẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ti kú. Káàdì náà kò kú. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí wọra títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, torí pé owó ìjọ ni. Àwọn ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba wà lára àwọn tó dá a. Bí ìjọ bá ń rán ẹ̀yin náà lọ síbì kan, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó mi, òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan wà nítòsí Kampala tó ń kọ́ àwọn míṣọ́nnárì tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Àwọn kan nínú wọn ń lọ sí Karamoja, ilẹ̀ àwọn darandaran ní àríwá ìlà oòrùn Uganda. Àwọn mìíràn ń lọ sáàárín àwọn ará South Sudan tí ogun lé wá sí àgọ́. Èdè tí kò jọ tiwọn rárá ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wá kọ́ wọn bí àgbàlagbà ṣe lè kọ́ èdè tó ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kí ìyàwó mi sì kọ́ wọn ní ìtọ́jú ara níbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà.

Pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìpè, físà: ẹni tó bá ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí ti mọ bó ṣe ń lọ, mi ò ní máa tò wọ́n. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti gba físà Uganda, $50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn níbẹ̀: wọ́n ní kí a fi àwòrán yẹ́lò káàdì wa ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yòókù. A fi tèmi àti ti ìyàwó mi ránṣẹ́, físà méjèèjì sì jáde. Uganda fúnra rẹ̀ ti rí káàdì náà, kò sì wí nǹkan kan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé káàdì yìí dáadáa. Ọdún 2013 ni ìyàwó mi gba àbẹ́rẹ́ náà, nígbà tó fẹ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí ìjọba wa mú káàdì tuntun tí ẹ̀rọ ń kà wá ní 2019, ó lọ pààrọ̀ ti àtijọ́, wọ́n sì kọ ọjọ́ tó gba àbẹ́rẹ́ sára tuntun náà bó ṣe rí gan-an. Láyé àtijọ́, ọdún mẹ́wàá ni àbẹ́rẹ́ yìí fi ń ṣiṣẹ́ lójú òfin. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti yí i padà. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé rẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé káàdì rẹ̀ ti wà ṣáájú 2016. Òfin náà kò fún orílẹ̀-èdè kankan láyè láti ní kí arìnrìn-àjò tún lọ gba òmíràn torí pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Ìyàwó mi ti gún àìmọye ènìyàn ní àbẹ́rẹ́ yìí. Òun ló tún máa ń ṣàlàyé òfin náà fún àwọn ará ìjọ wa.

A kúrò ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Oǹdó jáde sí Ọ̀rẹ̀, a gba Ìjẹ̀bú-Òde wọ Èkó. Káúńtà kò tíì ṣí nígbà tí a dé pápákọ̀. A wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tò. Báàgì méjì, páálí ìwé kan, àti gángan tí mo fẹ́ fi kọ́ wọn ni ẹrù wa, kò sì sí èyí tó wúwo kọjá ìwọ̀n. Ọmọbìnrin tó wà ní káúńtà gba ìwé wa, ó yẹ káàdì tèmi wò, ó dá a padà. Ó mú ti ìyàwó mi, ó fi ìka ka ọdún.

Ó ní, "Màmá, káàdì yín ti ẹ̀spáyà láti 2023."

Ìyàwó mi ní, "Rárá o, ọmọ mi. Wọ́n ti fagi lé ọdún mẹ́wàá yẹn. Títí ayé ni báyìí."

"Mà, wọ́n á dá yín padà láti Entebbe, àwa ni wọ́n á sì bu owó ìtanràn lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Mo mọ̀ pé lóòótọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ọkọ̀ òfurufú tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí kò fi wo ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Timatic, ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń wo ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ àlejò. Kò gba àkókò rárá láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí i. Ó ní òun mọ iṣẹ́ òun. Ìyàwó mi ní kó pe ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọ̀gá ń bọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń kọjá níwájú wa, wọ́n ń gba ìwé ìwọkọ̀, wọ́n ń lọ. Ìyàwó mi ń wo aago. Ó tún lọ bá ọmọ náà, ó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni òun, pé òun ni òun ń fún àwọn ènìyàn ní àbẹ́rẹ́ yìí, ó sì mẹ́nu ba ọjọ́ tí òfin náà yí padà. Ọmọ náà ní, "Màmá, mo ti gbọ́ yín," ó sì ké sí ẹni tó kàn.

Ibi tí a dúró sí yìí ni ọkùnrin kan ti rìn wá bá wa. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun lè bá wa ṣe káàdì mìíràn kíákíá, kò sí àbẹ́rẹ́, kò sí wàhálà, òun á sì kọ ọjọ́ tó ti pé sára rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àbẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá kí káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Owó tó dá lé e kéré gan-an sí ohun tí a padà san. Ìyàwó mi wò ó lójú, ó ní, "Káàdì tèmi òótọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe?" Inú mi dùn sí i gidigidi lọ́jọ́ náà. Àwa tí a ń lọ kọ́ àwọn tí yóò wàásù òtítọ́, ṣé ìwé irọ́ ló yẹ kí a fi wọ ọkọ̀?

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó gba káàdì náà, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Káàdì yín dára." Kí a tó dúpẹ́, ó ní wọ́n ti ti káúńtà, wọ́n ti kó ẹrù wọlé tán, kò sí bí òun ṣe lè ṣe é. Ó ní kí a lọ sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò yọjú. Àwa tí a tò kí káúńtà tó ṣí! Wọ́n ní kí a san owó ìyípadà, kí a sì san àlékún torí pé owó ọkọ̀ ti gòkè. A tún sanwó hòtẹ́ẹ̀lì ní Ikẹja títí àyè fi yọ nínú ọkọ̀ mìíràn. Ẹnu ẹnì kankan kò gba "ẹ má bínú" níbẹ̀.

Owó tí a yà sọ́tọ̀ láti fi tẹ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kampala ni a fi san án.

Nígbà tí a tún padà lọ, ẹlòmíràn ló wà ní káúńtà. Ó wo káàdì kan náà, ó dá a padà fún ìyàwó mi, ó ní "Safe journey, Ma." Ní Entebbe, òṣìṣẹ́ ìlera wò ó fìrí, ó ní kí a kọjá. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà láti béèrè owó wa. Èsì wọn ni pé a kò yọjú. Mo ti kọ òmíràn sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò ọkọ̀ ní NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, mo fi àwòrán físà àti ojú ìwé WHO tì í. A ṣì ń dúró de èsì.

Ẹ̀kọ́ náà lọ dáadáa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. Nítorí pé kò sí ìwé, ojú pátákó ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n ń dà á kọ. Ó jẹ àkókò wa púpọ̀. Mo ní láti fa ẹ̀kọ́ kan yọ pátápátá, èyí tí mo fẹ́ràn jù, lórí bí a ṣe ń kó àlọ́ àti òwe àwọn onílé jọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n gángan ṣiṣẹ́! Mo fi í sọ orúkọ, mo fi í kí wọn, mo ní kí wọ́n fi imú kùn ún tẹ̀lé mi láìla ẹnu. Luganda náà ní ohùn, èdè Dinka tí púpọ̀ nínú àwọn ará South Sudan ń sọ náà ní in, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ èdè láti kékeré kì í mọ̀ pé òun ń kọ ọ́ lórin. Mo fòfin de ìwé àti bírò níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ kùn ún, ẹ wá ọmọ kékeré tí kò ní tijú láti fi yín rẹ́rìn-ín, torí àgbà á máa ṣàánú yín ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lọ sí Karamoja sọ fún mi pé òun ti rò pé ọdún kan yóò tó òun. Mo sọ ti Àjàyí Crowther fún un: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì di 1884 kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Èdè abínibí rẹ̀ sì ni o!

Àwọn náà kọ́ mi ní nǹkan. Wọ́n sọ fún mi nípa Apolo Kivebulaya, ọmọ Buganda tó lọ wàásù ní Boga ní ilẹ̀ Congo ní 1896. Nígbà tó ń kú lọ ní 1933, ó ní kí wọ́n sin òun kí orí òun kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, síhà igbó Congo, níbi tí iṣẹ́ kù sí. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa ní Àkúrẹ́ náà.

Omi oníyọ̀ fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru ni ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: lítà 1 omi tó mọ́, ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bu ṣíbí tó kún wìtìwìtì, á ní kó dà á nù, kó tún un bù, torí iyọ̀ tó pọ̀ jù lè pa ọmọ náà lára. Wọ́n pọ̀n ọ́n lé débi pé àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ń wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bóyá wọn yóò gba káàdì yín pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tẹ èsì wọn sórí ìwé. Ẹ tẹ ojú ìwé WHO tó sọ ti títí ayé náà jáde pẹ̀lú. Bí ẹni tó wà ní káúńtà bá kọ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ọ̀gá ni kí ẹ béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ ní kó ṣí Timatic lójú yín, kí ẹ sì kọ àkókò tí ẹ dé ìlà sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a lè yí ọjọ́ rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni kí ìjọ rà. Ẹni tí kò tíì gba àbẹ́rẹ́ rí, kó lọ gbà á ní ilé ìwòsàn tó lẹ́tọ̀ọ́, kí ó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ ṣáájú ìrìn àjò, kó má sì dá ẹni tó bá ní òun á bá a ṣe é lóhùn. Dọ́là tí ẹ bá máa gbé lọ, kó jẹ́ tuntun, kó sì jẹ́ $100. Ní Kampala wọ́n máa ń kọ èyí tí ọdún ara rẹ̀ ti pẹ́, wọ́n sì máa ń dín iye tí wọ́n ń fún ni kù lórí àwọn kékeré.