Àṣìṣe tó ń ba ohùn gìtá jẹ́ nínú sọ́fítíwíà àpótí spíkà

Gìtá dùn lọ́wọ́ yín, àmọ́ bó ṣe wọ kọ̀ǹpútà báyìí, ó ń kùn bí agbọ́n tí wọ́n sé mọ́nú agolo. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá wọn, èmi náà sì ti rò ó rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi gìtá kọ́, ẹ̀bi ìka yín náà kọ́. Àpótí spíkà ni.

Spíkà gìtá kò dà bí èyí tí a fi ń gbọ́ rédíò. Ẹ wo spíkà Celestion Vintage 30: láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ti òkè tó ń gbé jáde, 70 sí 5,000 hertz ni àwọn tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo tí distortion (ohùn gìtá tí wọ́n mú kó ya) ń tú jáde lókè ibẹ̀, spíkà ti gbé e mì kó tó dé etí. Ẹni tó bá ki wáyà láti inú pedal (ẹ̀rọ kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) bọ kọ̀ǹpútà láìsí àpótí kankan láàárín ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí IR (impulse response) wà fún nìyẹn: fáìlì WAV kékeré tó gbé ìṣesí spíkà, àpótí, máíkì àti ibi tí máíkì wà pọ̀.

Ẹni tó sá fún ìyẹn ló tún máa ń kó sínú èkejì: àpótí méjì lórí ara wọn. Ọ̀pọ̀ amp orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ amúgbòhùn gìtá, ló ti ní àpótí tirẹ̀ nínú. Ẹ wá ṣí NadIR, sọ́fítíwíà tí a fi ń lo IR, tẹ̀ lé e, ẹ kò pa ti àkọ́kọ́. Ohùn á ki, bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu kọrin. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà lórí orin kan, tí mò ń fi EQ gé e níbí, tí mò ń bu kún un lọ́hùn-ún, kí n tó rí bọ́tìnì kékeré tí mi ò pa.

Yíyan IR ló gba sùúrù jù. Ẹ má wa 500 jọ kí ẹ wá máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́jú. Etí tó ti rẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́. Èyí tó bá ké jù ló máa ń pè ní dáadáa. Ẹ mú márùn-ún péré, ẹ jẹ́ kí ohùn wọn dọ́gba, kí ẹ sì gbọ́ wọn nígbà tí ìlù àti báàsì ń lọ. Máíkì Shure SM57 tó dojú kọ àárín gbùngbùn spíkà máa ń mú bí abẹ. Ẹ wá èyí tí wọ́n sún kúrò níbẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì: ó ti rọ̀. Nọ́bù treble kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti gìtá jùjú àti háíláìfù. IR àpótí 4x12 (spíkà mẹ́rin oní-ínṣì méjìlá) tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa, ààyò àwọn onírọ́ọ̀kì, ni mo ń bá lórí gìtá tó yẹ kó máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa bá báàsì àti àkúbà du àyè. Àpótí 2x12 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, irú ti Fender Twin Reverb, ló yẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ohun tó wà lábẹ́ nǹkan bí 80 sí 100 hertz.

Tí ẹ bá da IR méjì pọ̀ tí ohùn wá ṣófo nínú, ẹ yí phase (bí ìgbì ohùn ṣe ń lọ sókè-sódò) ọ̀kan padà kí ẹ tó fọwọ́ kan EQ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Inst tàbí Hi-Z, tó wà fún gìtá, lára interface (ẹ̀rọ tó so gìtá mọ́ kọ̀ǹpútà), kí iná pupa tó ń sọ pé ohùn ti pọ̀ jù má sì tàn rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní amp oní-tube gidi, ẹ má yọ wáyà spíkà rẹ̀ torí pé IR ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Amp tí kò rí spíkà tàbí load box (ẹ̀rọ tó ń dípò spíkà fún amp) tí ohms rẹ̀ bá a mu lè jó transfọ́mà rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń ta gìtá lọ́wọ́.