Ẹ má tíì fowó ra síkúwíà

Ẹ̀yin káfíńtà Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kówó lé síkúwíà olówó gọbọi, irinṣẹ́ tá a fi ń wò ó bóyá igun pé; ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é. Ẹ gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ẹ so méjì pọ̀ ní igun, ẹ wọn 30 sẹ̀ntímítà láti igun yẹn lára ọ̀kan, 40 lára èkejì, ẹ fàmì sí i, tí téèpù bá ti ka 50 géérégé láàárín àmì méjèèjì igun yẹn ti pé nìyẹn, ẹ wá fi gọ́ọ̀mù àti síkúrúù de ẹ̀kẹta mọ́ ọn kó má baà yẹ̀. Pákó gbígbẹ o, torí tútù máa ń lọ́, èyí tí mò ń lò ní Òkè Báálẹ̀, àjẹkù ilẹ̀kùn àtijọ́ ni mo fi ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbé e ti etí plywood tó gún, ẹ fa ìlà, ẹ yí i dà, ẹ tún fa òmíì níbì kan náà, tí ìlà méjèèjì bá lanu bíi sísọ́ọ̀sì, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ kábọ́ọ̀dù ara ògiri lẹ fẹ́ mú dọ́gba, họ́ọ̀sì tó ṣeé rí inú ẹ̀ tẹ́ ẹ rọ omi sí ti tó, ẹ ṣáà lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, bíńtín tó bá há síbẹ̀ á purọ́ fún yín.