Skánà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníṣẹ́ púpọ̀ fún ilé ìtọ́jú eyín

Ẹ jókòó sẹ́yìn tábìlì olùgbàlejò ní ilé ìtọ́jú eyín fún wákàtí kan péré, ẹ ó rí i pé ìwé tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Ẹni tuntun dé, ó kọ ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tojú-tẹ̀yìn, ó buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda, ó yọ káàdì adójútòfò àti káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn. Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó ń jáde ò ju rìsíìtì, ìwé oògùn, àti ewé kan tó ń sọ bí èèyàn ṣe máa tọ́jú ibi tí wọ́n ti yọ eyín.

Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti fẹ́ ra ẹ̀rọ oníṣẹ́ púpọ̀, èyí tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe ẹ̀dà, tó sì ń skáànì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè ni iye ojú ewé tó ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà.

Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ kankan, ẹ ka ìwé yín

Ẹ lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ ń lò báyìí, kí olùgbàlejò máa fa ìlà sí i fún ọ̀sẹ̀ kan: ohun tí wọ́n tẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ohun tí wọ́n skáànì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ti ní iye oṣù kan nìyẹn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Aláìsàn tuntun mẹ́jọ lóòjọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá kọ ewé mẹ́rin tojú-tẹ̀yìn, ojú ewé 64 nìyẹn lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, ó di 320.

Nígbà tí ẹ bá wá ka ìwé tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀rọ, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì tó jọra. Èyí tó tóbi ni òpin ohun tí ẹ̀rọ náà lè fara dà nínú oṣù kan, kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ máa fi í ṣe. Èyí tó kéré, tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ wínníwínní sí ìsàlẹ̀, ni iye tí àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ẹ máa tẹ̀ lóṣooṣù. Òun ni kí ẹ fi wé iye ohun tí ẹ ń tẹ̀ àti èyí tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ bi sọ́fítíwià yín léèrè kí ẹ tó bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ

Mo dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni mo ti rí owó tó ṣòfò jù. Ilé ìtọ́jú kan pè mí pé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà kò ṣiṣẹ́. Mo débẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ geere. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́tìnnì skánà tó wà nínú sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn kò rí ẹ̀rọ náà rárá. Olùgbàlejò wá ń fi fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀, á ṣí ímeèlì, á gbà á sílẹ̀, á yí orúkọ fáìlì padà, á wá gbé e sínú fáìlì aláìsàn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo fọ́ọ̀mù. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti lọ gbé skánà àtijọ́ jáde láti inú yàrá ẹrù. Ẹ̀rọ ńlá náà di ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lásán.

Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià ilé ìtọ́jú eyín ló ń bá skánà sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìlànà kan tó ń jẹ́ TWAIN, tó ti wà láti 1992. Òmíràn ń lo WIA, èyí tó jẹ́ ti Windows. Ìbéèrè tí ẹ máa bi àwọn tó ni sọ́fítíwià yín ni pé: ìlànà wo ni ẹ ń lò? Kí ẹ wá bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ pé: ṣé ẹ̀rọ yìí ní dráífà TWAIN (sọ́fítíwià kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ), ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àbí orí wáyà USB nìkan? Ìdajì kejì ìbéèrè yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé inú bíráúsà ni sọ́fítíwià yín ń gbé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fódà kan lórí kọ̀ǹpútà ni skánà máa kó fáìlì sí. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ náà mọ SMB 2 tàbí 3, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń kó fáìlì sínú fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ò mọ̀ ju SMB 1 lọ, bẹ́ẹ̀ láti 2017 ni Windows 10 tuntun kò ti ṣí i sílẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, torí ilẹ̀kùn olè ni. Ẹ̀rọ àlòkù tó dà bí ọjà ọ̀pọ̀ lè jẹ́ irú èyí.

Ẹnu tí ẹ̀rọ fi ń gba ìwé

Ẹ̀rọ tó ń fa ìwé wọlé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rà, èyí tó ń gba ó kéré tán ewé 50 lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bó ṣe ń ka ẹ̀yìn ìwé. Òmíràn á ka iwájú, á fa ewé náà padà, á yí i, á ka ẹ̀yìn: ó ń falẹ̀, ìgbà méjì ni bébà sì ń kọjá, ìgbà méjì tó lè há. Òmíràn ní ojú méjì nínú, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ka iwájú àti ẹ̀yìn. Fún fọ́ọ̀mù tojú-tẹ̀yìn, ẹlẹ́ẹ̀kan yìí ni tiyín, kódà tó bá gbówó lórí díẹ̀.

Káàdì oníke kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu yẹn kọjá, àfi tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀rọ náà gbà á. Orí gíláàsì ni kí ẹ gbé e sí. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ní bọ́tìnnì kan tó ń to iwájú àti ẹ̀yìn káàdì sórí ewé kan ṣoṣo. Ó jọ ohun kékeré, àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n máa lò ó.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dpi gíga (iye àmì tí skánà ń kà nínú íǹṣì kan) tàn yín. 300 tó fún ìwé tí èèyàn fẹ́ kà. Ewé A4 kan ní 300 dpi jẹ́ píksẹ́lì 2480 lọ́nà 3508. Tí ẹ bá gbé e dé 600, fáìlì á wú, lẹ́tà ò sì ní ṣeé kà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ fíìmù X-ray

Àwọn dókítà eyín máa ń bèèrè bóyá ẹ̀rọ kan náà lè skáànì fíìmù X-ray tó wà nínú àwọn fáìlì àtijọ́. Rárá o. Skánà inú ẹ̀rọ ọ́fíìsì máa ń tan iná sí ojú bébà, á wá ka ìmọ́lẹ̀ tó ta padà. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ní láti gba inú rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí ẹ gbé e sójú fèrèsé. Tí ẹ bá gbé e sórí gíláàsì, ẹ ó rí ohun dúdú kirikiri tí gbòǹgbò eyín fara sin sí. Skánà pẹrẹsẹ tó ní iná nínú ìdérí ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Fíìmù kékeré tí wọ́n sábà ń fi sẹ́nu kò ju mílímítà 31 lọ́nà 41 lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni dpi gíga ti wúlò.

Bákan náà, X-ray tí ẹ bá tẹ̀ sórí bébà lásán, fún àlàyé ni, ká lè fi han aláìsàn. Kí dókítà kankan má fi ṣe àyẹ̀wò. Tí dókítà mìíràn bá fẹ́ rí i, fáìlì gidi ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Lésà tàbí yíǹkì?

Ẹ̀rọ lésà ń fi ooru yọ́ ìyẹ̀fun tónà mọ́ ara bébà. Yíǹkì ní tirẹ̀, olómi ni, bébà ló ń mu ún. Ẹ tẹ ewé kan lára ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ fi ìka tútù fà á lójú. Ti lésà kò ní mira. Ti yíǹkì lè fà yàà, pàápàá tí kì í bá ṣe irú yíǹkì tí wọ́n fi èròjà líle ṣe. Ibi tí omi ti ń ta sílẹ̀ látàárọ̀ ni ilé ìtọ́jú eyín, ìwé oògùn kò sì gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n ń méfò.

Ohun mìíràn ni pé ihò tíntìntín tí yíǹkì ń gbà jáde máa ń gbẹ tí ẹ bá ti ilé ìtọ́jú pa fún ìsinmi. Ẹ̀rọ á wá fọ ara rẹ̀, yíǹkì tí ẹ fowó rà ló sì máa fi fọ̀ ọ́. Ìdí kan ṣoṣo tí màá fi ra oníyíǹkì ni tí ẹ bá ń tẹ fọ́tò ẹ̀rín aláìsàn, ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀, sórí bébà fọ́tò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lésà dúdú-funfun tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ní ti owó, ẹ pín iye owó tónà pẹ̀lú iye ojú ewé tí wọ́n ní ó máa tẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n lábẹ́ ìlànà ISO/IEC 19752 fún tónà dúdú, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí pé tónà tó bá ẹ̀rọ wá láti inú páálí kì í sábà kún tó èyí tí ẹ máa rà lẹ́yìn náà.

Àṣírí aláìsàn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ló ní dísìkì nínú tó ń tọ́jú àwòrán ìwé tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 2013, iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní Amẹ́ríkà san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìjọba, torí ó dá àwọn ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó háyà padà láìpa ohun tó wà lórí dísìkì wọn rẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn tó lé ní 340,000 ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ní dísìkì, bóyá ó ń fi koodu tí ẹlòmíràn ò lè kà tọ́jú ohun tó wà lórí rẹ̀, àti ta ni yóò nù ún mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá a padà. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e kalẹ̀. Tí ibi tí àwọn aláìsàn ń dúró sí bá sún mọ́ ọn, ẹ yan èyí tí kì í tẹ̀wé jáde àfi tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

Ẹ gbé ìwé tiyín lọ dán an wò

Ẹ má rà á lójú àwòrán. Ẹ mú fọ́ọ̀mù yín gan-an lọ, ogún ewé, kí àwọn kan ti ká létí, kí òmíràn ti ní ojú ihò pín-ìn-nì. Ẹ kó o sí ẹnu ẹ̀rọ, ẹ wo aago, ẹ ka iye tó jáde.

Tó bá délé, ẹ so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú wáyà dípò Wi-Fi. Ẹ má fi lésà sí ihò bátìrì UPS, iná tó ń fà nígbà tó bá ń gbóná pọ̀ jù fún un. Kó jìnnà sí yàrá tí wọ́n ti ń se irinṣẹ́: ọ̀rinrin ibẹ̀ máa ń ká bébà, bébà tó ká ló ń há. Kó jìnnà sí àga ìtọ́jú pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìbọ̀wọ́ tó ti kan ẹnu èèyàn tẹ ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìlà dúdú gbọọrọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí gbogbo ohun tí ẹ bá kó sí ẹnu ẹ̀rọ láti skáànì, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí ìdérí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ńlá ni gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Eruku kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló wà lórí rẹ̀. Aṣọ tí kì í já ìwú, tí ẹ fi ọtí ìfọgbẹ́ rin díẹ̀, ló máa nù ún kúrò.