Bí ẹ ṣe lè mọ òfin tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ṣe lóòótọ́ ní Amẹ́ríkà

Aṣòfin Amẹ́ríkà tó bá ti rí ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ kejì kín àbá rẹ̀ lẹ́yìn lè máa kéde pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló ni ín. Ẹ má tètè gbà. Àjọṣe ẹgbẹ́ méjèèjì ni pé kí Democrat àti Republican jókòó, kí tọ̀tún-tòsì yọ nǹkan sílẹ̀, kí wọ́n sì jọ dìbò fún ohun tó kù. Kì í ṣe bíi ti Nàìjíríà tí olóṣèlú ń fò láti inú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kálukú dúró sínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni.

Ẹ lọ sí Congress.gov, ìkànnì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, kí ẹ wá H.R. 3684, òfin ojú títì àti afárá ọdún 2021. Ẹ máa rí D tàbí R lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn aṣòfin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: Democrat ló kọ́kọ́ gbé àbá yìí wá, àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì wá tún un kọ. Orúkọ tó wà lókè ìwé kò tó. Ẹ ṣí ojú ìwé Actions, kí ẹ wá ìdìbò tí wọ́n fi orúkọ pe.

Nígbà náà, ẹ ṣe ìṣirò. Ní ilé aṣojú-ṣòfin, 228 ló fọwọ́ sí i, 206 ló kọ̀ ọ́. Republican 13 wà nínú àwọn tó fọwọ́ sí i, Democrat 6 sì wà nínú àwọn tó kọ̀. Ká ní àwọn 13 náà dìbò lòdì sí i, 215 sí 219 ni ì bá já sí, àbá náà ì bá sì ṣubú. Ìbò wọn ló gbé e dúró. Ní ilé àgbà, 69 sí 30 ni, Republican 19 sì wà nínú àwọn 69 náà. Ìbò 60 nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń nílò láti fòpin sí àríyànjiyàn kí wọ́n tó dìbò gan-an. Ẹ fi wé òfin ìrànwọ́ COVID ti oṣù kẹta ọdún kan náà: ọ̀nà ìṣúná ni wọ́n gbé e gbà, èyí tí kò nílò 60. Ó jẹ́ 50 sí 49, kò sí Republican kankan.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí kálukú yọ sílẹ̀. Biden, Democrat tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, ti dábàá nǹkan bíi tírílíọ̀nù méjì dọ́là ó lé, pẹ̀lú àfikún owó orí fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Àfikún owó orí náà kò sí nínú àdéhùn, owó tuntun inú rẹ̀ sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 550. Àwọn Republican náà gba ìnáwó tuntun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ohun tí apá kan fi sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jà sí ni, irú bíi fífi orúkọ èèyàn sọ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìbò á pọ̀, àmọ́ kò sí àjọṣe kan tó nira níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti fọwọ́ sí ti di rere. Ní oṣù kẹwàá 2002, sẹ́nétọ̀ 77 fọwọ́ sí àṣẹ ogun Iraq, 23 kọ̀ ọ́. Democrat 29 ló fọwọ́ sí i. Wọn kò rí àwọn ohun ìjà olóró tí wọ́n torí rẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí ìbò bá pọ̀ báyìí, ẹ wá ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ̀ ọ́ kà nínú Congressional Record, ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nílé aṣòfin, ti ọjọ́ náà.