Bí èmi àti Màámi ṣe gun Òkè Ìdànrè, àti ohun tí awakọ̀ fi ojú wa rí

₦40,000 ni a jọ ṣàdéhùn lórí ọkọ̀. ₦63,000 ló kúrò lọ́wọ́ mi. Owó náà dùn mí, àmọ́ wákàtí mẹ́rin tí awakọ̀ yẹn fi ṣòfò láàárọ̀ dùn mí jù ú lọ, nítorí òun ló sọ wá sínú òjò lórí àpáta, òun náà ló sì jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ láìrí gbogbo ohun tí Màámi fẹ́ rí.

Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá ìyá Màámi sí. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ìlú ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923, wọ́n sì máa ń sọ fún Màámi pé agbọ̀n adìẹ ni wọ́n rù sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ufẹ̀-Òkè làwọn àgbà ń pe ibẹ̀, torí láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ti ṣí wá. Màámi ti pé ẹni ọdún 68, wọn ò dé ibẹ̀ rí. Mo ti ń ṣèlérí fún wọn láti bí ọdún márùn-ún. Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Àkúrẹ́ la sùn, nílé àbúrò wọn obìnrin. Ẹnì kan tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé èrò ni wọ́n júwe fún mi. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ la fẹnu kò sí. Aago méje, ó ní òun ti wà lọ́nà. Aago mẹ́jọ, ó ní ilé epo lòun wà. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, kò gbé fóònù mọ́. Màámi ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lórí itan, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá ni wọ́n ń gbójú sókè. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú lọkùnrin náà tó dé. Kò ní “ẹ má bínú”. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé epo ti wọ́n, kí n fi ₦8,000 kún owó.

Ìrìn ojú ọ̀nà kò le, kò tó wákàtí kan. Oko kòkó lẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, títí tí àwọn àpáta á fi yọ lókè òrùlé ilé, dúdú, wọ́n ga fíofío. A gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa mú wa lọ dara pọ̀ mọ́ wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ọ̀sán gangan. Àpáta tó ti ń yáná oòrùn láti òwúrọ̀ ń tú ooru náà sí wa lára. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600; mo kà á dé 312 kó tó dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Màámi mú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi tòsì di èjìká mi mú. Bí a bá gun ogún, a dúró. Ní ibi ìsinmi kan, a bá àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan tí wọ́n na ara sílẹ̀, tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Màámi kí wọn, wọ́n sì kọjá lára wọn. Ká sọ pé mo ní ìlù lọ́wọ́, ǹ bá lù ú fún wọn níbẹ̀. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú la fi dé òkè, ìyá ẹni ọdún 68 ni o!

Bí ẹ bá dé òkè, ẹ ó rí i pé ìlú náà fara pamọ́ sáàárín àpáta bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ilé amọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó tóbi ju ilé lọ. Ààfin àtijọ́ tí Ọ̀wá fi sílẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú àgbàlá àti òpó rẹ̀, kóòtù àtijọ́ náà kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ ilé ti wó, koríko ti bo ìpìlẹ̀ wọn, inú mi ò sì dùn sí i. Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ibi tó tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa wó lulẹ̀ lójú wa.

Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí a débẹ̀ tí ojú ọ̀run fi ṣú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo òkè, ó ní, “Mà, ẹ wá sábẹ́ òrùlé.” Ó ní àwọn tó bá gòkè ní aago méje ti máa ń wà nílẹ̀ kí òjò ọ̀sán tó dé. Ìgbà yẹn ni orí mi gbóná sí awakọ̀ náà.

Òjò náà rọ̀ fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá tíì rí òjò lórí àpáta kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ máa ń mu omi. Òkúta kì í mu ún. Gbogbo ohun tó bọ́ láti ọ̀run ló ń ṣàn wá sísàlẹ̀, ojú ọ̀nà tí a gbà wá di odò tín-ín-rín. Òtútù mú Màámi, mo tú ìborùn mi, mo fi bò wọ́n. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, “Ibí yìí ni wọ́n ti ru agbọ̀n adìẹ.” Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan torí omi ti ń bọ́ lójú mi.

Òjò dá, mo dìde, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní rárá. Ó ní àpáta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré, tí omi bá kàn án, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo jiyàn. Mo fi bàtà mi gbé ẹsẹ̀ kan lé e, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀yìn balẹ̀. A tún padà jókòó. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń dún káàkiri, ó sì sọ fún wa pé irú kan wà nínú wọn tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Ìdànrè. Mo wá a wò nígbà tí mo délé, òótọ́ ni: ó tó àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i, kí wọ́n tó tún rí i ní 2013.

Aago márùn-ún la tó lè gbéra. Ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára òkúta, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu àfi ti àjẹ́, a ò débẹ̀. Omi Àpáàrá, tí wọ́n tún ń pè ní omi àrá, a ò débẹ̀ náà. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. A ń fi ìdí wọ́ lórí àtẹ̀gùn níbi tó yọ̀.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la dé ìdí ọkọ̀. Ọkùnrin náà ní aago mẹ́ta lòun fẹ́ padà, pé wákàtí mẹ́ta lòun fi dúró, ₦5,000 ní wákàtí kan. Mo ní wákàtí mẹ́rin tí àwa fi dúró dè é ńkọ́? Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí Màámi fọwọ́ kàn mí: “Fún un, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí.” Mo san án.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ lọ nígbà ẹ̀rùn, kí ẹ sì ti wà ní ìdí àtẹ̀gùn ní aago méje. Bàtà onírọ́bà tó léyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sáńdà bíi tèmi. Ẹ kọ àdéhùn ọkọ̀ sórí WhatsApp, pẹ̀lú iye tó máa gbà tí ẹ bá pẹ́ àti iye tó máa yọ tí òun bá pẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mi ò rò. Ẹ gbé omi tó pọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí ẹni tó ń mú yín lọ, torí ọmọ àpáta ni.

Oṣù Kejìlá la máa padà. Takisí la máa wọ̀ láti Àkúrẹ́. Màámi ti ra bàtà tuntun, wọ́n ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àwọn máa kọ́kọ́ kì bọ inú ẹsẹ̀ Agbóògùn.