Gbólóhùn kan gba pọ́n-ùn 86 lọ́wọ́ mi

Pọ́n-ùn 86 ni wọ́n yọ nínú owó iṣẹ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Madrid ni mo dàgbà sí. Yorùbá ni Màámi ń bá wa sọ nílé, èdè Sípéènì ni gbogbo ìyókù. Nígbà tí mo dé London, mo ríṣẹ́ nílé ìdáná kan tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọ́fíìsì. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo bi ọ̀gá wa bóyá ká ṣì se abọ́ ìrẹsì 40 tí oníbàárà kan ń ṣe iyèméjì lé lórí. Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "Knock it on the head."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ "hit the nail on the head", mo sì kọ "dar en el clavo" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ rẹ gún, o gbá a síbi tó yẹ. Mo gbọ́ lílù, mo gbọ́ orí, mo ní ọ̀gá ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Mo sè é. Ìgbà tí abọ́ 40 ti wà lórí tábìlì, tí ooru ń kán wìnnìwìnnì lábẹ́ ìdérí wọn, ni wọ́n sọ fún mi pé ohun tó wí ni pé ká fi í sílẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí kò mọ gbólóhùn yẹn. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bí i mọ́ra.

Bí mo ṣe jókòó ti àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ìwé tí mo rà àti áàpù tí mo gbà sórí fóònù, ẹ mọ ìyẹn. Ohun tó jẹ mí níyà ni pé mo pín ojú ewé sí méjì, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Sípéènì lápá ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló tàn mí, nítorí "kill two birds with one stone" fẹ́rẹ̀ẹ́ bá "matar dos pájaros de un tiro" dọ́gba, àfi pé òkúta ni Gẹ̀ẹ́sì fi pa ẹyẹ méjì, ìbọn ni tiwa. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ "stretch my legs", àyà mi sì já. Lédè Sípéènì, "estirar las piernas" náà ni kéèyàn rìn díẹ̀, àmọ́ "estiró la pata", ó na ẹsẹ̀ ẹranko, ló sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí wọ́n bá sì sọ ìyẹn nípa rẹ̀ ti kú nìyẹn. Rírìn ni tiẹ̀ fẹ́ lọ rìn. Èyí tó jọra wọn ló ń ṣì mí lọ́nà jù. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí ojú ewé fi lu. Áàpù ní tirẹ̀ ń kọ́ mi ní "raining cats and dogs", ìyẹn òjò ńlá, tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé ìdáná yẹn rí. "It's chucking it down" ni dírẹ́bà wa ń wí bó bá gbé jákẹ́ẹ̀tì tútù wọlé.

Màámi ló tú mi sílẹ̀, lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fi àáké kọ́rí, ṣé ó gbà ni àbí ó kọ̀?" Mo ní ó kọ̀ ni. Wọ́n ní, "Orí kan náà ni, ọmọ mi."

Mo ya apá Sípéènì dànù. Mo wá ń kọ ẹni tó sọ ọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Níbi tí Yorùbá bá ti bá a mu, mo fi í há a: "kick the bucket", ta téru nípàá, ìpá ni méjèèjì ń ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Sípéènì, èyí tó bá jọ tiyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kẹ́ ẹ sì béèrè: ṣé kí n ṣe é, àbí kí n má ṣe é? Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó tan iná.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá tún wí "Knock it on the head" nípa ọbẹ̀ ẹ̀wà kan. Ọmọbìnrin ará Kòlóńbíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti na ọwọ́ sí ìkòkò. Mo ti pa gáàsì kí ọ̀gá tó pa ẹnu dé.