Bí A Ṣe Ń So Ìrìnkèrindò Inú Ìwé Pọ̀ Di Ìtàn Gígùn Kan

"Kí ló tún gbé wa débí?" Bí ẹnì kan bá ti béèrè báyìí rí lórí tábìlì yín, lọ́jọ́ tí ẹ ṣí ìwé kẹta, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìwé kọ̀ọ̀kan dára láyè ara rẹ̀: ihò abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kún fún pàkúté tó gbọ́n, àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ hàn kedere, ẹbọra inú rẹ̀ sì lágbára. Àmọ́ ọ̀kan kò mọ ọ̀kan. Àwọn ẹ̀dá-ìtàn kàn ń bọ́ láti ibì kan sí ibòmíràn bí èrò ọkọ̀ tó sùn kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀.

Fún ẹni tí eré yìí ṣì ṣàjèjì sí: eré ipa orí tábìlì ni mò ń sọ, èyí tí ayé mọ̀ sí RPG. Olùdarí eré á sọ ohun tó wà níwájú, àwọn yòókù á sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tiwọn fẹ́ ṣe, wọ́n á sì da dáìsì láti mọ bó ṣe máa já sí. Dungeons & Dragons tó jáde ní 1974 ló ṣíwájú. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrìnkèrindò tí ẹlòmíràn ti rò tán, kí olùdarí tí kò ráyè má baà máa fi òru kọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọn ẹ̀dá-ìtàn kan náà bá wá ń la ọ̀kan bọ́ sí òmíràn fún oṣù tàbí ọdún, tí wọ́n ń dàgbà, tí wọ́n ń lọ́tàá, tí wọ́n ń lọ́rẹ̀ẹ́, campaign nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹni tó ń fi ìwé ẹlòmíràn kọ́ campaign kò níṣẹ́ púpọ̀ nínú ìrìnkèrindò fúnra rẹ̀. Oríkèé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí ọ̀kan ti kan èkejì.

1. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé kí ẹ tó ka iwájú

Ẹ fi yàrá kìíní sílẹ̀ ná. Ẹ lọ sí ìparí, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán. Ta ló ṣeé ṣe kó sá lọ? Ohun wo ni wọ́n máa gbé jáde níbẹ̀? Ìbéèrè wo ni ìwé náà kò dáhùn? Mo máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pépà kékeré kan, ìwé kan sí pépà kan, màá sì tẹ́ àwọn pépà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni èyí tó lè fẹ́ ara wọn ti máa ń hàn.

Inú àwọn ìwé àtijọ́ ni ẹ ti máa rí i pé ìparí kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ó nídìí. Ìdíje ni wọ́n kọ́kọ́ kọ púpọ̀ nínú wọn fún. Tomb of Horrors, fún àpẹẹrẹ, ti wáyé níbi ìpàdé eré Origins ní 1975, kó tó wá di ìwé ní 1978. Ìdíje ní wákàtí, ó ní máàkì. Kò bìkítà nípa ọ̀la. Ẹnu ọ̀nà ibojì ló ti bẹ̀rẹ̀, inú ibojì náà ló sì parí sí. Bí ẹ bá yan irú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oríkèé méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ọwọ́ yín ló wà.

2. Ẹ wo ìpele

Èyí kò gba àsìkò. Ìpele ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀dá-ìtàn ṣe lágbára tó. Ẹ wo ìpele tí ìwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí àlàfo bá wà láàárín, ẹ fi ìrìnkèrindò kúkúrú dí i, tàbí kí ẹ kàn sọ pé ọdún kan ti kọjá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fi ọdún náà ṣe. Ìdáhùn wọn sábà máa ń dára ju ohun tí ẹ ì bá rà lọ.

3. Ẹ wá ohun kan tó lè rìn

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ohun tó lè rìn ni ohun tó lè kúrò nínú ìwé kan kó wọ inú èkejì láìsí pé olùdarí ń tì í: idà, lẹ́tà, gbèsè, ọmọ tó sọnù, ọ̀tá tó sá. Mi ò ka àsọtẹ́lẹ̀ mọ́ wọn. Àsọtẹ́lẹ̀ kò ṣeé kì bọ àpò, kò ṣeé tà, kò sì ṣeé jí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ gidi ṣe é. (Ẹni tó bá ń retí láti wà lára àwọn tó máa ṣe The Sunless Citadel, kó yára fo ìpínrọ̀ méjì tó kàn.) Ìrìnkèrindò yìí àti The Forge of Fury jáde ní 2000. Wọ́n tún wà nínú àkójọ ìrìnkèrindò méje kan tó jáde ní 2017, Tales from the Yawning Portal, àwọn àti White Plume Mountain tó ti wà láti 1979. Àkójọ náà tò wọ́n láti ìpele kékeré lọ sí ńlá, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn kan ṣoṣo tó gba inú wọn kọjá. The Sunless Citadel bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 1, The Forge of Fury ní 3, White Plume Mountain sì ní 8.

Ẹ wo ohun tó wà nínú wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń wá àwọn kan tó sọnù sínú ilé olódi tó rì sínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọnù, Sir Braford, ti di ẹrú igi burúkú kan, idà tí wọ́n ń pè ní Shatterspike sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n wọ ilé ìṣẹ́ alágbẹ̀dẹ aràrá kan tó ń jẹ́ Durgeddin, ẹni tí àwọn ọ̀tá ti pa tipẹ́tipẹ́. Nínú ìkẹta, ohun ìjà mẹ́ta tó jẹ́ olókìkí ti di àwátì, òòlù kan tó ń jẹ́ Whelm wà lára wọn, inú òkè ayọnáyèéfín sì ni wọ́n ti máa wá wọn. Ohun ìjà, ohun ìjà, ohun ìjà. Kò sẹ́ni tó ní ká so wọ́n pọ̀, àmọ́ okùn ti wà nílẹ̀.

Bí èmi bá fẹ́ so wọ́n, ohun mẹ́ta péré ni màá fi kún un. Àkọ́kọ́, àmì kékeré lára Shatterspike, nítòsí èèkù. Nígbà tí wọ́n bá gbé idà náà fún alágbẹ̀dẹ ìlú kó bá wọn pọ́n ọn, ó máa rí àmì yẹn, ó máa dákẹ́ díẹ̀, ó sì máa ní irú àmì Durgeddin nìyí, pé kò sẹ́ni tó rí ilé ìṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n á lọ; mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Èkejì, nínú ilé ìṣẹ́ náà, ewé kan látinú ìwé àkọsílẹ̀: ẹnì kan gbé òòlù ńlá wá fún àtúnṣe, alágbẹ̀dẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òòlù náà ń bá òun sọ̀rọ̀, òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ẹ̀kẹta ni orúkọ ẹni tó gbé e wá. Nígbà tí ìròyìn bá dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé wọ́n jí òòlù Whelm, ẹ ò ní ṣàlàyé kankan. Ẹnì kan lórí tábìlì ló máa fò dìde. Àmì kan, ewé kan, orúkọ kan. Mi ò sì yí yàrá kan ṣoṣo padà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

4. Ẹ fi ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́

Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́. Ní 1978, Gary Gygax, ọ̀kan lára àwọn tó dá eré yìí sílẹ̀, kọ ìrìnkèrindò mẹ́ta nípa àwọn òmìrán tó ń kọlu ìlú. Wọ́n rán àwọn akọni lọ fìyà jẹ olórí àwọn òmìrán orí òkè, láti ibẹ̀ wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ilẹ̀ yìnyín, wọ́n sì parí sí ọ̀dọ̀ àwọn ti iná. Bí wọ́n ṣe ń lọ ló ń hàn sí wọn pé àwọn òmìrán kò dá iṣẹ́ yìí ṣe: àwọn drow, ìran kan tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, ló wà lẹ́yìn wọn. Ìwé mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn drow nílé, ìkeje tó kẹ́yìn wọn sì jáde ní 1980. Ní 1986 ni wọ́n di méjèèje pọ̀ sínú ìwé kan, Queen of the Spiders.

Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé àwọn akọni fúnra wọn ló rí i bí wọ́n ṣe ń tú ilé òmìrán. Ohun tí ìránṣẹ́ ọba bá wá sọ fúnni, etí kan ló ń gbà wọlé, èkejì ló ń gbà jáde. Ohun téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tú jáde lábẹ́ ẹní ọ̀tá rẹ̀, kì í gbàgbé. Ẹ fi ẹ̀rí kan náà sí ibi mẹ́ta o. Wọ́n máa kọjá lára ọ̀kan, wọ́n máa ṣi èkejì kà, ìkẹta ni wọ́n máa wá kígbe lé lórí.

5. Ẹ dín èèyàn kù

Gbogbo ìwé ló ní olótẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, oníṣòwò tirẹ̀, àlùfáà tirẹ̀. Tí ẹ bá gbà wọ́n báyẹn, tí ìwé bá fi máa pé márùn-ún, ẹ ti ní olótẹ́ẹ̀lì márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ wọn. Ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Oníṣòwò tó rán wọn níṣẹ́ nínú ìwé kejì ni wọ́n tún máa bá lẹ́wọ̀n nínú ìwé kẹrin, dípò àjèjì tí òǹkọ̀wé fi síbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, orúkọ nìkan lẹ pààrọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀: wọ́n á sáré lọ tú u sílẹ̀.

6. Bí òfin eré inú ìwé bá yàtọ̀ sí tiyín

Ẹ má ṣe ìṣirò. Ẹbọra tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àtijọ́ sábà máa ń wà nínú ìwé òfin tí ẹ ń lò, ẹ mú ti inú rẹ̀ jáde. Bí kò bá sí, ẹ mú èyí tó jọ ọ́, kí ẹ sọ fún wọn pé bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ ló rí. Pàkúté tó ń pani lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìkìlọ̀ ni kí ẹ ronú lé lórí dáadáa. Àwọn ìwé ọdún wọ̀nyẹn fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó sì ti fi oṣù mẹ́jọ tọ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dàgbà kò ní fẹ́ràn yín.

7. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn méjì, kí ẹ sì dúró

Bí ìwé kan bá fẹ́ parí, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà méjì hàn, ó kéré tán, kí ẹ sì bi wọ́n kí ìjókòó ọjọ́ náà tó tú ká: èwo lẹ ń lọ? Èyí tí wọ́n bá mú nìkan ni kí ẹ lọ múra sílẹ̀ fún. Mo ti rí olùdarí tó to ìwé mẹ́jọ kalẹ̀ látọjọ́ kìíní, tó ya ìlà láti àkọ́kọ́ dé ìkẹjọ. Wọn kò dé ìkẹta. Èyí tí wọn kò mú náà, ẹ má jù ú nù. Ẹ jẹ́ kó burú sí i níbi tó wà, kí ìròyìn rẹ̀ máa dé etí wọn.

8. Bí okùn bá já

Ó máa já. Wọ́n á pa ẹni tí ẹ fẹ́ kó sá, wọ́n á sun lẹ́tà láìkà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ta idà. Ẹ ti fi àmì sí i, ẹ ti múra alágbẹ̀dẹ sílẹ̀, wọ́n sì tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó yọ owó jáde.

Ẹ gba owó náà fún wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀. Òun ló máa rí àmì yẹn báyìí. Òun ló máa kọ́kọ́ dé ilé ìṣẹ́ Durgeddin, pẹ̀lú àwọn ọmọọṣẹ́ tó háyà, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n bá sì bá òkú àwọn ọmọọṣẹ́ yẹn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé ta ló ní ká ta idà.